Ìgò Ìpáàrà Tí Mo Bu Omi Sí

Èmi ni mo bu omi sí ìgò náà. Kí n yára sọ ọ́ báyìí, nítorí mo mọ ara mi. Bí mo bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, n ó ṣàlàyé títí ẹ ó fi gbà pé ìgò ló ṣẹ̀ mí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, nínú ọyẹ́, ní lábù yunifásítì kan ní ìlú Bìní, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Ìránṣẹ́ lábù ni mí níbẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì kà á tán, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó kàwé títí ojú wọn fi di ti dígí, ẹni tó ka ìwé mẹ́fà, ìgò ló ń fọ̀. Mo ń fọ ìgò, mo ń nu tábìlì, mo ń ti ilẹ̀kùn. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi bátìrì, ìyẹn omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ kí iyọ̀ tàbí ìdọ̀tí má baà sí nínú rẹ̀, n ó máa ti orí bátìrì kan bọ́ sórí èkejì. Wọ́n ti fa ìlà dúdú sára olúkúlùkù wọn. Èyí tí omi rẹ̀ bá ti wálẹ̀ kúrò lójú ìlà, n ó bu omi sí i títí yóò fi tó ìlà. Mo mọ iṣẹ́ yìí ju bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn àna mi lọ. Kí n tó dé yunifásítì, ọdún mẹ́fà ni mo fi bá ọkùnrin kan ṣáàjì bátìrì mọ́tò nítòsí Ogbe, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ pé bátìrì tí omi rẹ̀ bá gbẹ, òkú ni.

Ní àárọ̀ yẹn, ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí pẹpẹ àwọn bátìrì. Bébà dúdú ni wọ́n fi wé ìdí rẹ̀. Ìlà dúdú wà lára rẹ̀ lókè, omi inú rẹ̀ sì ti fi ìka méjì wálẹ̀ kúrò lójú ìlà náà. Ọwọ́ mi kò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Mo ṣí i, mo da omi sí i gbuu dé ojú ìlà, mo dé e padà, mo tún fi àkísà nu ara rẹ̀ fún un. Mo ń súfèé.

Ìgò ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní ìlú wa, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Opó ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wọ yunifásítì ló fi ránṣẹ́ sí mi ní Bìní, ó ní kí n máa fi ojú mi ṣọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ èmi àti ìyàwó mi ni ọmọ náà ń gbé, ó sì ti dé ọdún àṣekágbá. Ohun tó wà nínú ìgò yẹn ni iṣẹ́ tí yóò fi jáde. Olùdánwò kan ń bọ̀ láti yunifásítì mìíràn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i, yóò wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Bí ó bá rí ohun tí ọmọ náà kọ sínú ìwé pé ó wà níbẹ̀, ọmọ yege. Bí kò bá rí i, ọmọ yóò tún ọdún náà ṣe, ẹ̀gbọ́n mi sì ti sọ fún mi pé agbára òun kò gbé ọdún mìíràn. Ojú tí wọ́n ní kí n fi ṣọ́ ọmọ, ojú náà ni kò wo ohun tí ọwọ́ ń ṣe.

Ẹ má rò pé n kò mọ ìgò yẹn tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ náà ti po oògùn irin kan mọ́ omi, tó gbé e sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, títí ó fi di ìpáàrà, ìpáàrà kan náà tó ń jẹ páànù orí ilé. Ó dà á sínú àpò kan tó rí bí ìfun ẹran, ó ń rẹ àpò náà sínú omi bátìrì lójoojúmọ́ bí ẹni ń fọ ewúro, kí iyọ̀ inú rẹ̀ lè jáde tán. Lẹ́yìn náà ó dà á sínú ìgò, ó fa ìlà síbi tí omi dé kí ó lè máa mọ bí ó ṣe ń gbẹ, ó sì gbé e sójú fèrèsé. Omi pupa lásán ni, bí àgbàrá ojú ọ̀nà Bìní lẹ́yìn òjò. Mo rò nínú mi pé bí ìwé gíga bá jẹ́ kí a máa tọ́jú àgbàrá sínú ìgò, Ọlọ́run ló yọ mí ní ìwé mẹ́fà.

Oṣù méjì, kò sí nǹkan kan. Ní oṣù kẹta, oòrùn ìrọ̀lẹ́ kan gba fèrèsé wọlé, mo sì rí i tí ìdí ìgò náà ń kọ mànà. Àwọ̀ ewé wà lórí àwọ̀ wúrà, àwọ̀ wúrà wà lórí àwọ̀ àlùkò, ipele lórí ipele, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọrùn ẹyẹlé. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Mo ti ṣe ìrìbọmi, mo sì wà lára àwọn tó ń to àga ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àwa Yorùbá ń lọ, mo mọ bí ó ṣe máa ń nira tó kí àga tó tò. Ohun tó lè to ara rẹ̀ láìsí ẹni tó pè é, mo rò pé ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti ń ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, n ó kọ́kọ́ yíjú sí fèrèsé, n ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o.” N kò mọ ẹni tí mo ń kí. Bí ó bá dá mi lóhùn lọ́jọ́ kan ni, bàtà mi nìkan ni wọn ì bá bá ní lábù. Èmi fúnra mi á ti dé Ugbor ní ìpẹ̀kun ìlú.

Ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ Ajé mi, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbá fèrèsé náà. Ọmọ náà gbé ìgò rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó fi bébà wé e nítorí eruku, ó sì wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Pẹpẹ bátìrì ló gbé e sí. Kò sí ẹni tó máa ń dé pẹpẹ bátìrì àfi èmi.

Nígbà tí ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ó tú bébà. Ìgò pọ́n láti òkè dé ìdí, bákan náà, bí ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ipele ti lọ.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ rí ẹni tó fọwọ́ kan ìgò mi?”

“Ìgò wo?” ni mo dáhùn.

Ìgò kan ṣoṣo ló wà láyé lọ́jọ́ yẹn, mo sì ń bi í pé èwo. Ìgbà yẹn gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìgò tí mo bu omi sí. Kí n tó rí ẹnu la, ọmọ náà ti fi ẹ̀bi sórí ara rẹ̀. Ó ní gbígbé tí òun gbé e ní Sátidé ló dà á rú, ó ní òun ì bá ti fi í sílẹ̀ níbi tó wà, ó sì jókòó sórí àpótí, ó ń sunkún jẹ́jẹ́. Ẹ ò ní gbà gbọ́, mo bá a dá sí i. Mo ní ọyẹ́ ọdún yìí kò dára rárá. Mo ní gbígbé nǹkan kiri nínú ọyẹ́ léwu.

Nínú ọkàn mi, mo ń gbẹjọ́ ara mi rò. Omi mímọ́ ni mo bu sí i. Ta ni omi mímọ́ pa rí? Bátìrì tó ti kú, omi bátìrì ni a fi ń jí i. Bóyá lóòótọ́ ni gbígbé ló dà á rú. Ṣùgbọ́n ọkàn kan náà ń sọ fún mi pé bí wọ́n bá mọ̀, iṣẹ́ lọ, àti pé kí n tó pàdánù iṣẹ́ pàápàá, n ó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi. Nínú méjèèjì, lẹ́tà ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ní ọjọ́ kẹta, mo fi ọgbọ́n lọ bá Dókítà, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ọmọ náà. Ará ìhà ilé wa ni, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni à ń lọ. Bí àwọn ènìyàn bá wà níbẹ̀, yóò pè mí ní orúkọ iṣẹ́ mi. Bí ó bá ku èmi àti òun, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, nítorí mo fi nǹkan bí ọdún márùn-ún jù ú. Mo bi í pé kí ni ó wà nínú ìgò yẹn gan-an, kí n lè mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn. Àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí, ẹ bi wọ́n léèrè nǹkan kan, wọ́n á gbàgbé oúnjẹ. Ó ní ìpáàrà inú omi náà kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú. Ọ̀pá ni wọ́n, ọ̀pá kéékèèké tí ojú kò lè rí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, gbogbo wọn gùn bákan náà. Ó mú òòfà méjì, ó fi ẹnu wọn tó bára mu kọjú síra, wọ́n sì ń ti ara wọn padà. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ọ̀pá náà ṣe máa ń ṣe. Irú iná kan náà, bí iná inú bátìrì, ló wà lára gbogbo wọn, nítorí náà ọ̀kan kì í fẹ́ kí èkejì fara kan òun. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń tò.

Mo ní, “Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń tò?”

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nínú ilé tí à ń gbé, ìyàwó ayálégbé méjì kan ń bá ara wọn jà. Bí ọ̀kan bá gba iwájú jáde, èkejì á gba ẹ̀yìn. Ọjọ́ kan kò tíì sí tí mo rí i kí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nítorí pé wọ́n kórìíra ara wọn. Mo sọ ọ́ fún Dókítà. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ilé yẹn kún dáadáa ná, ẹ ó rí i.” N kò rí nǹkan kan. Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́, mo lọ fọ ìgò.

Ìyàwó mi ń ta pákò ní ọjà Santana, oríṣiríṣi pákò, èyí tó korò àti èyí tó ta ẹnu. Ní Sátidé mo máa ń bá a kó ọjà. Ní Sátidé yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ẹrù pákò sílẹ̀ fún un, ó ní kí n kó wọn sínú nǹkan kí òun fi lọ ra ata. Mo kó ìwọ̀nba kan sínú ọpọ́n ńlá rẹ̀. Wọ́n ta gbẹndu, ọ̀kan kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan ń nàka sí ilé ìjọba. Mo gbọ̀n ọ́n. Wọ́n yí ìdí padà, wọ́n tún ta gbẹndu. Mo ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó padà dé. Ó dúró lé mi lórí.

“Bàbá wọn, kí lẹ ń ṣe?”

Mo ní mo ń to pákò.

“Ta ló máa ń to pákò lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹ̀yin lẹ kó díẹ̀ sínú ọpọ́n tó gbòòrò tó báyìí. Ibi tí ààyè bá wà, olúkúlùkù á na ẹsẹ̀ síbi tó wù ú. Ẹ kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré yẹn, kí ẹ rọ́ ọ kún, kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Wọ́n á tò fúnra wọn. Bí wọn ò bá tò, níbo ni wọ́n fẹ́ gbà?”

Ó gba ọpọ́n lọ́wọ́ mi, ó yí pákò sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré, ó fi ti inú àpò kún un, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ sí ìhà kan ṣoṣo bí àwọn tó ń kí ọba.

Mo jókòó sórí àpò. Ìka omi méjì. Mo ti yí àwọn ọ̀pá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ sínú ọpọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, n kò lè ti ẹ̀bi sọ́rùn ọyẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wá dà mí láàmú: pákò kò bá ara wọn jà. Pákò ò mọ iná, kò mọ òòfà. Dókítà ní ìjà ló ń mú wọn tò, ìyàwó mi ní àìsí ààyè ni. Èmi tí n kò tó bẹ́ẹ̀, ta ni kí n gbàgbọ́?

Mo pinnu pé kí n gbà wọ́n méjèèjì gbọ́, kí n sì yọ omi mi padà ní jẹ́jẹ́. N kò lè bu ú jáde, kí n má baà bu àwọn ọ̀pá náà mọ́ ọn. Ọyẹ́ ni yóò bá mi gbé e. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, n ó ṣí ìdérí ìgò náà. Ní ọ̀sán, ọmọ náà á dé, á bá a ní ṣíṣí, á dé e. Lọ́jọ́ kejì n ó tún ṣí i. Ó dé e pa. Mo ṣí i. Lálẹ́ ó ń sọ fún ìyàwó mi nídìí oúnjẹ pé nǹkan kan ń ṣí ìgò òun, òun kò sì mọ ohun tó jẹ́. Mi ò gbójú sókè láti wo ẹni tí ìyàwó mi ń wò, ṣùgbọ́n èbà mi kò lọ mọ́.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ tú. Mo ń nu tábìlì, mo rí ọmọ náà tó gbé ìgò náà dání, ó ń lọ sídìí ibi tí a ti ń da omi nù. Mo bi í pé níbo ló ń gbé e lọ. Ó ní ó ti bàjẹ́, òun ó dà á nù, òun ó se òmíràn lọ́tun, bóyá kí olùdánwò tó dé… Kò parí rẹ̀. Àwa méjèèjì mọ̀ pé gbogbo àkókò òjò ni ti àkọ́kọ́ fi dàgbà, ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ló sì kù.

Mo rántí pé mo sáré. N kò tíì sáré bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ogun. Mo di ìgò mú, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú.

“Èmi ni. Mo bu omi sí i. Mo rò pé bátìrì ni.”

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àjèjì. Mo ń retí igbe. Mo ń retí kí ó ní òun ó sọ fún ìyá òun. Ohun tó bi mí ni:

“Omi wo?”

“Ṣé omi ju omi lọ ni?”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Omi bátìrì ni, àbí omi ẹ̀rọ?”

Kẹ́ẹ̀gì méjì la ní, àwọ̀ kan náà, ọ̀kan fún omi bátìrì, ọ̀kan fún omi ẹ̀rọ tí mo fi ń fọ ìgò. Mo mọ̀ pé omi bátìrì ni mo máa ń gbé ní ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ṣé òun ni mo gbé lọ́jọ́ Ajé yẹn? Bí mo bá ṣe ń rò ó tó, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì méjèèjì ń jọra. Mo sọ òtítọ́ fún un pé n kò mọ̀ mọ́.

Ọ̀dọ̀ Dókítà la jọ lọ. Mo rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi yóò parí sí. Mo tiẹ̀ ti bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ mi, mo ká a sọ́wọ́, kí ó má baà di pé wọ́n ń bọ́ ọ lára mi. Dókítà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò wò mí. Ó gbé ìgò síwájú ìmọ́lẹ̀, ó ń yí i jẹ́jẹ́. Ó ní iyọ̀ wà nínú omi ẹ̀rọ. Ó ní bí iyọ̀ bá wọ àárín àwọn ọ̀pá wọ̀nyẹn, wọn kò ní lè ti ara wọn padà mọ́, wọn yóò dì mọ́ra wọn gúdúgúdú bí wàrà tó dì, kò sì sí ẹni tó lè tú wọn mọ́ láyé. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó ní, “Ọjọ́ mẹ́wàá rèé, kò sí gúdúgúdú kankan. Omi bátìrì ni. Wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà.”

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Èmi ni mo sunkún. Nínú gbogbo ayé mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan sọ fún mi pé àwọn kan ṣì ń jà, tí mo sì dúpẹ́.

Mo wá béèrè ohun tó ti ń dà mí láàmú. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ ṣà, ṣé ìjà ni àbí àìsí ààyè?” Mo sọ ti pákò fún un. Dókítà gbé ìgò kalẹ̀. Ó ní òótọ́ ni ìyàwó mi sọ, àti òun náà. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kéré, ṣùgbọ́n nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnìkejì sún mọ́ òun, ààyè tó ń gbà ju ara rẹ̀ lọ. Ìjà wọn ló ń jẹ́ kí ààyè tètè tán. Bí ààyè bá sì tán, ohun kan ṣoṣo tí olúkúlùkù lè ṣe kí ó lè rí ààyè díẹ̀ yí ara rẹ̀ ká ni kí ó nà gbọọrọ sí ìhà tí àwọn yòókù nà sí. Ó ní ìka omi méjì mi ti fún wọn láàyè, wọ́n sì ti fi í ṣeré. Ó ní kí a má da nǹkan kan nù. Dídàgbà ni wọ́n fi gbogbo òjò ṣe. Wọ́n ti dàgbà, títò nìkan ló kù. Kí a ṣí i sílẹ̀, kí a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kí ọyẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ní mo ti gbọ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì yé mi tán. Bí mo bá sọ ọ́ jáde, ó máa ń dà bí ẹni pé ó yé mi. Bí mo bá dákẹ́, á tún sálọ.

Dókítà ní ọ̀rọ̀ omi náà kò ní jáde láàárín àwa mẹ́ta, nítorí pé bí ọ̀gá àgbà lábù bá gbọ́ pé mo bu omi sí iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé láìbéèrè, wọn yóò lé mi. Ọmọ náà gbà. Kò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ẹ ò lè mọ bí ọyẹ́ ṣe dùn mọ́ mi lọ́dún yẹn. Ètè ń là, ẹsẹ̀ ń là, gbogbo Bìní ń kùn, èmi ń gbàdúrà pé kí ó le sí i. Omi ń wálẹ̀ bí ìgbín. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ọmọ náà tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ìgò, a rí nǹkan kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, àwọ̀ ewé. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí ìkejì tó yọ. Nígbà tí olùdánwò fi dé, ipele mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

Bàbá àgbà kan ni, ọmọ Bìní gan-an tó ń kọ́ni ní yunifásítì mìíràn, kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó yí tábìlì ká. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà, àkísà lọ́wọ́, bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n tú ká kí ó lè nu tábìlì. Ọmọ náà sọ̀rọ̀ dáadáa. Bàbá náà wo ìgò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ó wá jókòó padà. Ó ní òun rí ipele. Ṣùgbọ́n kí ló mú kó dá a lójú pé àwọn ọ̀pá náà ló to ara wọn? Kí ló fi yàtọ̀ sí ẹrẹ̀ tó kàn ń rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ó ṣe ń rọ̀ nínú àmù? Ṣé ó ti fún wọn láàyè rí, kó wò ó bóyá wọ́n á tú ká, kó tún gba ààyè náà padà, kó wò ó bóyá wọ́n á tún tò?

Ọmọ náà ṣí ẹnu, ó wo Dókítà. Dókítà wo tábìlì. Ọmọ náà sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo rí i pé ó fẹ́ jẹ́ kí ìbéèrè yẹn gbé òun ṣubú, nítorí tèmi. Ọ̀gá àgbà lábù jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Mo wo ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn sún mọ́ mi ju tábìlì lọ. Mo gbọ́ ohùn kan tó sọ pé, “Ó ti fún wọn láàyè rí, ṣà,” ohùn náà kò lágbára, ó sì dà bí tèmi.

Gbogbo wọn yíjú. Bàbá náà fi èdè Pìjìn bi mí pé ta ni mí. Mo ní èmi ni mo ń fọ ìgò. Mo ní èmi ni mo bu omi sí i, nínú àṣìṣe, ọmọ náà kò mọ̀. Ọ̀gá àgbà lábù gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì, ó fẹ́ dìde. Bàbá náà ní kí ó dúró ná. Ó bi mí pé ìwọ̀n omi wo, mo fi ìka méjì hàn án. Ó bi mí pé kí ni mo rí lẹ́yìn rẹ̀, mo ní gbogbo rẹ̀ pọ́n, ipele kankan kò sí fún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, bí ó tilẹ̀ dúró jẹ́jẹ́. Ó bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n padà. Mo ní ìgbà tí ọyẹ́ gba omi náà padà; láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan bí òwú, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, èkejì. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi ọmọ náà léèrè ìdí tí èyí kò fi sí nínú ìwé rẹ̀, èmi ni ọmọ náà yíjú wò.

Bàbá náà dé gègé rẹ̀. Ó yíjú sí ọ̀gá àgbà lábù lákọ̀ọ́kọ́, ó ní òun kò rí ẹ̀sùn kankan nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí. Ó wá yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

“Ohun tó sọ yẹn, lọ kọ ọ́ sójú ìwé kan, kí o fi sẹ́yìn iṣẹ́ rẹ, kí o gbé e wá fún mi láàárọ̀ ọ̀la kí n tó wọkọ̀. Òun nìkan ló kù kí n tó fọwọ́ sí i pé o yege.”